Akọ ni àbí abo? Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n lára òdòdó igi àti igi ẹ̀ṣọ́ àgbàlá yín

Ìbéèrè kan náà ló ń wá láti Alágbàká, láti Ọba-Ilé, láti Oǹdó: "Igi mi ń yọ òdòdó, òdòdó ń rẹ̀ dànù, kò so. Ṣé akọ ni wọ́n tà fún mi ni?" Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ẹni tó gbin igi sí iwájú ilé nítorí ẹwà, tó wá ń ráhùn pé èso ń já lu mọ́tò òun. Inú òdòdó ni ìdáhùn méjèèjì wà. Kò sí lára ewé, kò sí lára gbòǹgbò, kò sì sí lẹ́nu ẹni tó ń ta igi lẹ́bàá títì. Ẹ óò ṣí òdòdó wò ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀wọ́ tí igi yín wà

Kì í ṣe gbogbo igi ló ní akọ lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀. Bí ẹ kò bá mọ ọ̀wọ́ tí tiyín wà, ẹ lè máa wá akọ fún igi tí kò nílò ọkọ rárá.

- Akọ àti abo nínú òdòdó kan ṣoṣo: hibiscus, ixora, flamboyant, bougainvillea, àkòko, àti igi masquerade gíga tí wọ́n ń tò sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì. Kò sí igi akọ tàbí igi abo níbí.
- Òdòdó akọ lọ́tọ̀, òdòdó abo lọ́tọ̀, lára igi kan náà: croton, akalífà eléwé pupa, lápálápá, àgbọn, ọ̀pẹ, whistling pine.
- Igi akọ lọ́tọ̀, igi abo lọ́tọ̀: sago palm, dàbínù, ìrókò. Nínú ọgbà ọbẹ̀, ùgú náà wà níbí.
- Àdàlù: máńgòrò, kajú, dongoyárò àti fúrúùtù (igi almond) ní òdòdó akọ púpọ̀, pẹ̀lú ìwọ̀nba òdòdó tó ní akọ àti abo pọ̀. Ìbẹ́pẹ ló le jù nínú gbogbo wọn, a óò sì dé orí rẹ̀.

Ọ̀wọ́ kẹta nìkan ni ọ̀rọ̀ "akọ ni wọ́n tà fún mi" ti lè jẹ́ òtítọ́ pátápátá, àti ìbẹ́pẹ.

Ohun tí ẹ óò nílò

- bíléèdì tuntun kan
- bébà dúdú, tàbí ẹ̀yìn fóònù tó bá dúdú
- fóònù tó ń ya àwòrán nǹkan kékeré dáadáa, tàbí awò tó ń mú nǹkan tóbi
- òwú aláwọ̀ méjì, ká ní pupa àti funfun
- ìbọ̀wọ́ rọ́bà, bí ó bá jẹ́ croton, lápálápá tàbí igi mìíràn tó ní oje

Oje igi wọ̀nyí kì í ṣe ohun eré. Tó bá ta sí ojú, ó máa ń ta ojú gidigidi. Tó bá kan aṣọ, oje lápálápá pàápàá kì í ṣí mọ́. Ẹ má fi ọwọ́ nu ojú títí ẹ óò fi fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Bí ẹ ṣe máa yẹ òdòdó wò

1. Ẹ jáde láàárín aago méje sí aago mẹ́wàá àárọ̀, ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ ní òru. Òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní àárọ̀ yẹn ni kí ẹ mú. Èyí tó ti là láti àná, oyin ti lè kó ohun tó wà lára rẹ̀ lọ, akọ á wá jọ abo lójú yín.

2. Ẹ já márùn-ún ó kéré tán, láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: òkè, ìsàlẹ̀, ibi tí oòrùn ń pa, ibi tí òjìji wà. Òdòdó kan ṣoṣo kò tó láti dá igi lẹ́jọ́.

3. Ẹ gbọn ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí bébà dúdú. Bí lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò tàbí funfun bá bọ́ sílẹ̀, ohun akọ wà nínú rẹ̀. Bí kò bá bọ́, ẹ má tíì pè é ní abo. Òdòdó tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀ máa ń di lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ mú.

4. Ẹ ya ewé òdòdó náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan kí àárín rẹ̀ lè hàn. Fọ́nrán wẹ́wẹ́ tó ní kókó lórí ni ti akọ. Ohun kan tó dúró ní àárín gbùngbùn, tí orí rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ni ẹnu abo.

5. Ẹ fi bíléèdì la ìdí òdòdó sí méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá rí yàrá kékeré tí àwọn nǹkan funfun wíńníwíńní tò sí inú rẹ̀, ilé-ọmọ nìyẹn. Ibẹ̀ ni èso ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí yàrá, tàbí tó jẹ́ pé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gan ni ẹ rí, akọ ni.

6. Ẹ dájọ́ báyìí: lẹ́búlẹ́bú wà, ilé-ọmọ kò sí, akọ ni. Ilé-ọmọ wà, fọ́nrán kò sí, abo ni. Méjèèjì wà, oníméjì ni.

7. Ẹ so òwú pupa mọ́ ẹ̀ka tí ẹ ti rí abo, funfun mọ́ ti akọ, kí ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀. Ẹ padà lọ wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, òun ló sì ń fa àṣìṣe jù, nítorí ọ̀pẹ lè gbé akọ jáde lónìí kó gbé abo jáde ní oṣù tó ń bọ̀.

Ẹ̀tàn kan wà lára hibiscus tí ewé òdòdó rẹ̀ pọ̀ bọ̀lọ̀jọ̀: fọ́nrán akọ rẹ̀ ló ti di ewé òdòdó. Bí ẹ kò bá rí lẹ́búlẹ́bú níbẹ̀, kì í ṣe pé abo ni. Hibiscus lásán ni kí ẹ fi kọ́ ojú yín: òpó gígùn kan yọ síta láàárín rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò wà yí òpó náà ká, orí òpó náà sì pín sí márùn-ún, kókó kékeré sì wà lórí ìkọ̀ọ̀kan wọn. Kókó márùn-ún yẹn ni ẹnu abo. Ẹni tó bá ti rí ìyẹn dáadáa kò ní ṣìnà lára òdòdó mìíràn.

Ìbẹ́pẹ: ibi tí ẹjọ́ pọ̀ sí jù

Ìbẹ́pẹ kì í ṣe igi ẹ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n àgbàlá mélòó ní Àkúrẹ́ ni kò sí? Òun náà ló sì dára jù láti fi kọ́ iṣẹ́ yìí, torí pé oríṣi mẹ́ta ni: igi akọ, igi abo, àti igi oníméjì. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n nígbà tó wà nínú náílọ̀nù dúdú. Ẹni tó bá sọ pé gbòǹgbò tó yà sí méjì ni abo, àbá ló ń dá. Ẹ óò dúró de òdòdó àkọ́kọ́, èyí tó sábà máa ń yọ láàárín oṣù márùn-ún sí mẹ́jọ lẹ́yìn tí ẹ bá gbin hóró.

*Akọ:* òdòdó rẹ̀ wà lórí ẹ̀ka gígùn tó rọ̀ sílẹ̀ tó sì yà yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ẹ̀ka náà lè gùn ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Òdòdó ọ̀hún kéré, ìdí rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì pọ̀ lọ súà. Ẹ là á, ẹ óò ka fọ́nrán kúkúrú mẹ́wàá, pẹ̀lú ohun ṣóńṣó kan láàárín tí kò ní yàrá nínú.

*Abo:* ó jókòó sí abíyá ewé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ara igi, ó sì sábà máa ń dá wà tàbí kó jẹ́ méjì mẹ́ta. Ó tóbi ju ti akọ lọ, ìdí rẹ̀ sanra, orí rẹ̀ ṣóńṣó. Ewé òdòdó márààrún máa ń ṣí kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan láìjanpata. Ilé-ọmọ rẹ̀ rí róbótó, àwọ̀ ewé tó ń pọ́n ló ní, ẹnu abo márùn-ún sì dúró gbágbágbá lórí rẹ̀ bí ogbe àkùkọ. Fọ́nrán kankan kò sí níbẹ̀.

*Oníméjì:* abíyá ewé náà ló ń gbé, ṣùgbọ́n ilé-ọmọ rẹ̀ gùn, kì í ṣe róbótó, fọ́nrán sì wà yí i ká. Ìdí ewé òdòdó rẹ̀ lẹ̀ pọ̀, ẹ óò ní láti fà á ya. Èso rẹ̀ gùn, ẹran rẹ̀ nípọn, ihò inú rẹ̀ kéré. Èyí ni àwọn tó ń ra ìbẹ́pẹ lọ́jà ń wá. Èso abo rí róbótó, ihò inú rẹ̀ sì fẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa gbìn ín tí ẹ kò fi ní kábàámọ̀:

1. Inú èso gígùn ni kí ẹ ti mú hóró. Bí igi oníméjì bá fún ara rẹ̀ lóyún, bí ẹ bá kó ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, méjì á máa jẹ́ oníméjì, ọ̀kan á jẹ́ abo, akọ kì í sí níbẹ̀. Àmọ́ bí igi akọ bá wà nítòsí tó ti ta lẹ́búlẹ́bú sí i, akọ á wọ inú àwọn ọmọ náà.
2. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí hóró ti wá, ẹ gbin mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ojú ihò kan, kí ẹ fi nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà sáàárín wọn. Hóró láti inú èso abo tí akọ fún lóyún máa ń pín sí ìdajì akọ, ìdajì abo. Nípa bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá gbin mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́jọ ni gbogbo wọn á jẹ́ akọ. Bí ẹ bá gbin mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rìndínlógún ni.
3. Ẹ fi mítà méjì àbọ̀ sáàárín ihò kan àti èkejì.
4. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti yọ òdòdó, ẹ yan ọ̀kan. Ẹ gé àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Ẹ má fà wọ́n tu, gbòǹgbò wọn ti lọ́ mọ́ra, ẹ óò jí èyí tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ nídìí.
5. Bí abo ni gbogbo èyí tó kù, ẹ fi akọ kan sílẹ̀ fún abo mẹ́wàá sí ogún. Ẹni tí abo méjì péré wà lágbàálá rẹ̀ kò nílò akọ tirẹ̀ bí ti aládùúgbò bá wà nítòsí.

Ooru ẹ̀ẹ̀rùn máa ń da ọ̀rọ̀ rú. Láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta tí ooru ń mú, tí omi kò tó, igi oníméjì lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó tí ilé-ọmọ rẹ̀ ti rọ, kó máa ṣe bí akọ. Ẹ má gbé àdá sí i ní oṣù kejì. Ẹ bomi rin ín, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kí ẹ dúró de òjò. Igi akọ náà lè ṣèèṣì so èso wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí ìparí ẹ̀ka gígùn rẹ̀. Ìyẹn kò sọ ọ́ di abo.

Kíkan ìṣó mọ́ ara igi kí akọ lè di abo ńkọ́? Ẹ fi ìṣó yín pamọ́. Ojú ọgbẹ́ yẹn ni àrùn ń gbà wọlé, igi tó bá sì "yí padà" lẹ́yìn rẹ̀, ojú ọjọ́ ló yí i padà.

Sago palm tó wà lẹ́nu géètì

Èyí ni igi ẹ̀ṣọ́ tí akọ àti abo rẹ̀ yàtọ̀ jù, kì í sì í ṣe ọ̀pẹ gidi bí orúkọ rẹ̀ ṣe wí. Kò ní òdòdó bí ti hibiscus rárá. Àárín orí igi, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ, ni ẹ óò wò.

- Akọ máa ń gbé ohun gígùn kan dìde lóòró, àwọ̀ rẹ̀ yẹ́lò, ó sì lè ga tó ìdajì mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀. Tó bá gbó, ó máa ń la, lẹ́búlẹ́bú á sì máa bọ́ bí ẹ bá fi ọwọ́ kàn án.
- Abo kì í gbé nǹkan dìde. Ohun tó tẹ́ rẹrẹ bí òrùlé kékeré ló máa ń gbé jókòó sórí, ara rẹ̀ ní irun àwọ̀ búráùn. Abẹ́ àwọn ìpele yẹn ni hóró wà. Wọ́n máa ń di pupa rẹ́súrẹ́sú bí wọ́n bá gbó.

Láti hóró, igi yìí lè lo ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó fi ara rẹ̀ hàn. Nítorí náà, ẹni tó ń ta èyí tó wà nínú ike kékeré tó ní "abo ni mo fún yín" ń tan yín jẹ ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó dájú ni láti mú ọmọ tó hù nídìí igi tí a ti mọ̀. Ohun tí ìyá jẹ́ ni ọmọ ìdí rẹ̀ máa ń jẹ́.

Bí ẹ ṣe máa mú ọmọ ìdí:

1. Ẹ yan èyí tó ti tóbi tó ìkúùkù tàbí jù bẹ́ẹ̀.
2. Ẹ gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ọ̀bẹ mímọ́ gé e níbi tó ti so mọ́ ìyá.
3. Ẹ gé ewé rẹ̀ kúrò, kí ẹ tẹ́ ẹ sí òjìji fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ojú ọgbẹ́ gbẹ. Bí ẹ bá gbìn ín ní tútù, á jẹrà.
4. Ẹ gbìn ín sínú yanrìn líle tí ẹ pò mọ́ yẹ̀pẹ̀ díẹ̀, kí ìdajì rẹ̀ wà lókè. Omi díẹ̀díẹ̀ ni. Omi púpọ̀ ló ń pa á jù lọ, pàápàá ní oṣù kẹfà àti oṣù keje tí òjò kì í dá.

Ìkìlọ̀: gbogbo ara sago palm ní májèlé, hóró abo ló sì burú jù. Ajá tó bá jẹ ẹ́ lè kú. Ẹni tó bá ní ajá tàbí ọmọ kékeré nílé, tí igi rẹ̀ sì jẹ́ abo, kó gé orí hóró yẹn kúrò kó tó gbó, kó sì rì í mọ́lẹ̀ jìnnà. Akọ ló dára jù fún irú ilé bẹ́ẹ̀.

Croton, akalífà àti lápálápá

Croton máa ń yọ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ewé rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì mọ̀ pé òdòdó ni. Okùn tó ní nǹkan funfun wẹ́wẹ́ tó tú yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́ ni akọ. Okùn kejì tí kókó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, tí kò ní ewé òdòdó, tí ẹnu rẹ̀ pín sí mẹ́ta, ni abo. Àwọ̀ ewé ni a torí rẹ̀ gbin croton, nítorí náà ẹ fi èékánná já okùn méjèèjì kúrò bí wọ́n bá ti yọ. Hóró rẹ̀ kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ irú ìyá rẹ̀ gan-an, ọmọ rẹ̀ kì í sábà jọ ọ́. Ẹ gé ẹ̀ka tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní oṣù kẹrin tí òjò bá ti ń fìdí múlẹ̀, kí ẹ fi gbìn.

Akalífà tó ń so ìrù pupa gígùn mọ́ra, abo nìkan ni gbogbo ìrù yẹn. Akọ rẹ̀ kò wọ́pọ̀ láàárín èyí tí a ń gbìn, ẹ má ṣe retí hóró. Ẹ̀ka gígé ni.

Lápálápá tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà yí ilé ká ni ẹ lè fi ṣe ìdánwò. Nínú ìdì òdòdó kan, akọ lè pọ̀ ju abo lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀. Abo sábà máa ń wà ní ojú ibi tí ẹ̀ka òdòdó ti pín. Ìdí nìyí tí ìdì òdòdó tó kún dẹ́dẹ́ fi ń so èso péréte. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ: hóró inú rẹ̀ máa ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru.

Ọ̀pẹ, àgbọn, dàbínù, fúrúùtù

Ọ̀pẹ: ìdì akọ ní ìka gígùn púpọ̀ tó kún fún lẹ́búlẹ́bú, ó sì ní òórùn tirẹ̀. Ìdì abo nípọn, ẹ̀gún sì wà lára rẹ̀. Igi kan náà ń gbé méjèèjì jáde ní àsìkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ọ̀pẹ iwájú ilé bá ń gbé akọ léraléra, ẹ má wo oṣù tó kọjá nìkan. Nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú ni igi ti máa ń pinnu ohun tí ìdì náà máa jẹ́. Ọ̀dá ìgbà yẹn, tàbí pé ẹ ti ré ewé rẹ̀ jù, ló lè fà á. Ẹ dín ewé rírẹ́ kù.

Àgbọn: lórí ẹ̀ka òdòdó kan náà, òdòdó wẹ́wẹ́ tó wà lápá òkè ni akọ, èyí tó rí róbótó nísàlẹ̀ ni abo. Púpọ̀ nínú abo wọ̀nyí á já bọ́ kí wọ́n tó dàgbà. Kì í ṣe àrùn, àfi bí gbogbo wọn bá ń já.

Dàbínù: igi akọ àti igi abo wà lọ́tọ̀. Òjò Àkúrẹ́ kò jẹ́ kí èso rẹ̀ pọ́n dáadáa, torí náà ẹ gbìn ín fún ẹwà, ẹ má da ara yín láàmú lórí akọ tàbí abo.

Fúrúùtù: gbogbo òdòdó tó wà lápá òkè okùn rẹ̀ ló jẹ́ akọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ nísàlẹ̀ ló lè so. Bí òdòdó bá kún ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹ gbá a, kò sí ohun tó ṣe é.

Èyí tí ẹ rò pé ó jẹ́ òdòdó

Ohun aláwọ̀ pupa, àlùkò tàbí ọsàn lára bougainvillea, ewé ni. Òdòdó gan-an ni ohun funfun kékeré tó wà láàárín mẹ́ta wọn. Poinsettia náà nìyẹn: ewé pupa kọ́ ni kí ẹ la, ife yẹ́lò wẹ́wẹ́ àárín ni. Nínú ife kan, abo kan ló wà, akọ púpọ̀ sì yí i ká.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ fún un lóyún

Èyí wúlò fún abo ìbẹ́pẹ tí kò ní akọ nítòsí, àti fún sago palm.

1. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi àpò aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo òdòdó abo tó máa là lọ́jọ́ kejì.
2. Ní àárọ̀, ẹ já òdòdó akọ mélòó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, kí ẹ gbọn lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sínú ìdérí ìgò gbígbẹ.
3. Ẹ fi búrọ́ṣì kékeré tàbí ìyẹ́ adìyẹ mímọ́ tó gbẹ gbé e, kí ẹ rọra fi pa ẹnu abo. Ẹ má tẹ̀ ẹ́.
4. Ẹ bò ó padà fún ọjọ́ méjì, kí ẹ so àmì mọ́ ọn.
5. Bí òjò bá rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ sí i, ẹ tún un ṣe.

Fún sago palm, ẹ dúró títí àwọn ìpele abo á fi ya díẹ̀ sí ara wọn, kí ẹ wá gbọn lẹ́búlẹ́bú akọ sáàárín wọn, ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tó tẹ̀ léra.

Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ wo ìdí ẹnu abo. Bí ilé-ọmọ bá ń wú tó sì ń dán, ó ti mú. Bí ó bá pọ́n tó sì já, kò mú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- *Wíwọ́n oògùn kòkòrò ní àárọ̀.* Oyin tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú kiri ni ẹ ń pa. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọ́n ọn, ẹ má sì wọ́n ọn sórí òdòdó tó ti là. Àfòpiná tó ń jáde ní ìrọ̀lẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ lára ìbẹ́pẹ jù, torí náà ẹ má fi oògùn kan òdòdó rẹ̀ rárá.
- *Yúríà àṣejù.* Igi á máa yọ ewé ní rẹpẹtẹ, òdòdó á sì ṣọ̀wọ́n. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ akọ tàbí abo nìyẹn.
- *Ríré ẹ̀ka nígbà tí ìrudi ti yọ.* Òdòdó ọdún yẹn ni ẹ gé dànù.
- *Gígé gbogbo akọ kúrò.* Ọdún tó tẹ̀ lé e ni èso abo á dáwọ́ dúró, tí ẹ ó sì máa ṣépè fún igi.
- *Òjìji.* Igi tí ilé àti fẹ́ǹsì bò mọ́lẹ̀ lè má yọ òdòdó kankan. Ẹ wo bí oòrùn ṣe ń dé ibẹ̀ kí ẹ tó dá igi lẹ́bi.

Kí ẹ tó san owó lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta igi

- Ẹ bi í bóyá hóró ni ó fi hù ú, tàbí ẹ̀ka, tàbí ọmọ ìdí. Hóró kì í ṣèlérí nǹkan kan nínú ọ̀wọ́ kẹta.
- Bí ó bá ní ẹ̀ka ni, ẹ ní kó fi ìyá rẹ̀ hàn yín, tàbí àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó.
- Ẹ ra èyí tó ti ń yọ òdòdó bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ ṣí ọ̀kan wò níbẹ̀.
- Bí kò bá sí èyí tó ti yọ òdòdó, ẹ ra mẹ́ta, kì í ṣe ọ̀kan.

Bí èso ni ẹ kò fẹ́

Fún igi ọ̀wọ́ kẹta, akọ ni kí ẹ wá. Fún àwọn tó ní òdòdó méjèèjì lára igi kan náà, ẹ kò lè yan akọ, àfi kí ẹ gé ẹ̀ka òdòdó kó tó so. Lára àgbọn tó wà lókè ibi tí ẹ ń gbé mọ́tò sí, ẹ pe agúnpẹ tó mọṣẹ́ kó gé e nígbà tó ṣì wà nínú àpò rẹ̀. Ẹ má gun àkàbà fúnra yín. Bí igi náà bá ti ga ju òrùlé lọ, tí ẹ kò sì rí ẹni tó ń gùn ún déédéé, ó sàn kí ẹ gbé mọ́tò lọ sí ibòmíràn.

Ìrókò ńkọ́, nítorí pé ìbéèrè rẹ̀ máa ń wá láti Ìdànrè àti Ọ̀wọ̀? Okùn òdòdó akọ rẹ̀ gùn, ó funfun, ó sì rọ̀ sílẹ̀. Ti abo kúrú, ó nípọn, àwọ̀ ewé ló ní. Abo nìkan ló ń so èyí tí àdán ń jẹ, abẹ́ abo sì ni kí ẹni tó ń wá hóró láti fi hù ú lọ ṣà. Ẹ ṣà á ní kùtùkùtù, ẹ fọ ẹran rẹ̀ kúrò nínú omi, ẹ sá hóró náà sí òjìji, kí ẹ sì gbìn ín kó tó pẹ́, torí pé kì í pẹ́ tí agbára àti hù fi ń tán lára rẹ̀.